Ta ni wàkílì nínú yìgì?

Bàbá ìyàwó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fẹ́ so yìgì ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, kò sì ráàyè wálé. Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù: "Bá mi fi ọmọ mi fún làgbájá, sọ̀dáàkì tá a jọ fẹnu kò sí náà ni o." (Sọ̀dáàkì ni ohun tí ọkọ ń san fún ìyàwó nítorí yìgì.) Bí àbúrò ti ní òun gbọ́ báyìí, ó ti di wàkílì, ìyẹn aṣojú.

Bàbá fúnra rẹ̀ ni wálì, ọkùnrin tí ẹ̀sìn fún láṣẹ láti fi ọmọbìnrin fọ́kọ. (Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá yẹn náà ló di "wòlíì" lẹ́nu wa, àmọ́ kò sí ìran rírí nínú èyí.) Lójú ọ̀nà Màlíkì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà òfin Ìsìláàmù, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń tọ̀, yìgì kò dúró láìsí wálì. Àmọ́ àwọn tó ń tọ ọ̀nà Hánáfì gbà kí obìnrin tó ti bàlágà fi ara rẹ̀ fọ́kọ.

Iṣẹ́ ni wàkílì ń jẹ́. Bí bàbá bá yí ọ̀rọ̀ padà kí yìgì tó so, àṣẹ wàkílì ti tán nìyẹn. Bí bàbá bá kú, iṣẹ́ náà bá a lọ, wálì tó kàn la ó wá lọ. Wàkílì ò gbọdọ̀ fi ọmọ fún ẹlòmíì yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n dárúkọ fún un.

Ibi ọ̀rọ̀ ẹnu ló ti máa ń dàrú. Mo ti rí ẹ̀gbọ́n kan tó gba makirofóònù, tó ní "Mo fi ọmọ mi fún ọ." Ààfáà dá a dúró kíá. Ohun tí wọ́n ní kó sọ ni: "Mo fi làgbájá, ọmọ àbúrò mi, fún ọ ní aya, gẹ́gẹ́ bí wàkílì bàbá rẹ̀." Ọkọ ní "Mo gbà á," àwọn ẹlẹ́rìí méjì sì gbọ́ ọ. Ààfáà tó ń ka kùtúbà (ìwàásù yìgì) kì í ṣe wàkílì, àfi bí wálì bá fi í ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Nígbà tí Ànábì fẹ́ Ummu Habiba, Medina ni Ànábì wà, ìyàwó wà ní Àbísíníà (Etiópíà òde òní). Abu Sufyan, bàbá rẹ̀, kò tíì gba Ìsìláàmù nígbà náà, kò lè ṣe wálì. Ìyàwó fi ìbátan rẹ̀, Khalid ọmọ Sa'id, ṣe wàkílì. Nàjáṣí, ọba Àbísíníà, dúró fún ọkọ, òun ló sì san sọ̀dáàkì.

Kí wàkílì tó kúrò nílé lọ́jọ́ náà, kó pe ọmọ sí yàrá, kó bi í bóyá ó fẹ́. Ànábì ní dídákẹ́ wúńdíá ni ìyọ̀ǹda rẹ̀. Àmọ́ bó bá ń sunkún, kó tún bàbá pè lórí fóònù ná.