Ọ̀dọ̀ Òǹkàwé Ni User Script Ti Ṣẹ̀ Wá

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ kóòdù ní Yábàá níbi tí user script, kóòdù kékeré tí òǹkàwé ń fi sínú bíráósà rẹ̀ láti tún ojú ewé ẹlòmíràn ṣe, ti ṣẹ̀ wá, Greasemonkey, àfikún bíráósà tó ń mú irú kóòdù bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ni ọ̀pọ̀ wọn máa dárúkọ, ọdún 2004. Ìyẹn ò tó. Greasemonkey ní bàbá, bàbá náà sì ti lo ọdún mẹ́wàá láyé kí wọ́n tó bí i.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 1994, Håkon Wium Lie, ọmọ Nọ́wè tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí CERN, gbé àbá ohun tó padà di CSS jáde, èdè tó ń sọ bí ojú ewé ṣe máa rí. Àbá yẹn ò fi ìrísí ojú ewé lé oní-sáìtì nìkan lọ́wọ́. Òǹkàwé náà lè pàṣẹ, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sì ń tẹ̀ lé àṣẹ láti fi hàn bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Ọjọ́ 27 oṣù yẹn kan náà ni sáìtì HotWired gbé ìpolówó AT&T sójú ewé, èyí tí wọ́n ń pè ní bánà àkọ́kọ́. Ọjọ́ 17 péré ló wà láàárín wọn. Àgbo ti wà nínú ìkòkò kí ibà tó dé! Bóyá lẹ́tà àti àwọ̀ ló gba ọkàn Lie, tí kò ro ti ìpolówó rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún òǹkàwé láṣẹ lórí lẹ́tà ti ṣílẹ̀kùn fún un. Láti ibẹ̀ dé `display: none`, àṣẹ CSS tó ń fi nǹkan pa mọ́, ìṣísẹ̀ kan ni.

Ìdá náà ò bá CSS dé ibi tó ń lọ. Ní CSS1, oṣù Kejìlá 1996, bí oní-sáìtì àti òǹkàwé bá jọ kọ `!important`, àmì tó ń gbé àṣẹ kan lékè àwọn tó kù, oní-sáìtì ló ń borí. CSS2 yí i padà ní oṣù Karùn-ún 1998: òǹkàwé ló borí. Èmi ka ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ ìkómọ. Ẹni tó jẹ́ ayálégbé lánàá ti di onílé.

Èkó mọ irú òfin yìí. Lọ́jọ́ tí Ẹ̀yọ̀ bá jáde ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn onílùú ló ń sọ ohun tí ò gbọdọ̀ wọ ojú pópó: kò sí sálúbàtà, kò sí irun ṣùkú, kò sí alùpùpù. Àlejò ló máa bọ́ bàtà, Ẹ̀yọ̀ ò ní yà fún un.

Aaron Boodman ló kọ Greasemonkey, lẹ́yìn tó rí iṣẹ́ tí Adrian Holovaty fi tún ojú ewé sáìtì orin AllMusic ṣe. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tí gíríìsì bò lára ni orúkọ náà ń tọ́ka sí, irú àwọn tí ẹ máa bá lábẹ́ ọkọ̀ ní Ládípọ̀. Ó bá a mu, ọkọ̀ onílé ọkọ̀ ló ń tú. Àwọn kan ní bookmarklet, kóòdù tí wọ́n fi sínú bookmark, ló ṣáájú, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni ẹ gbọ́dọ̀ máa tẹ ìyẹn. Kì í ṣe àṣẹ tó dúró. Tampermonkey, irú Greasemonkey mìíràn, dé ní 2010, Greasy Fork, ibi tí wọ́n ń kó user script sí, ní 2014.

Ibi tí ọmọ, ìyẹn user script, ti rẹlẹ̀ sí bàbá, àṣẹ òǹkàwé nínú CSS, rèé: style tí script bá fi sójú ewé, bíráósà kà á mọ́ ti oní-sáìtì. Ayálégbé tún ni yín. Ìdí nìyí tí àṣẹ yín fi nílò `!important`, tí `@run-at document-start`, ìlà tó ń mú script bẹ̀rẹ̀ ní kété tí ojú ewé bá ń wọlé, sì fi dára, kí àṣẹ tó ṣáájú ìpolówó wọlé. Síbẹ̀, bí oní-sáìtì bá kọ `!important` sára nǹkan náà gan-an, tiẹ̀ ló máa borí. CSS ò lè fi ọ̀rọ̀ inú nǹkan dá a mọ̀; bó bá jẹ́ "Sponsored" lẹ fẹ́ fi mú un, ẹ lo MutationObserver, irinṣẹ́ JavaScript tó ń ṣọ́ ohun tó bá yí padà lójú ewé, torí bí ẹ ṣe ń yí ojú ewé lọ sísàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé òmíràn wọlé. Ẹ má sáré lo `remove()`, àṣẹ tó ń yọ nǹkan kúrò lójú ewé pátápátá: kóòdù sáìtì lè wá nǹkan náà, kó má rí i, kí ojú ewé sì dákú. Fífi pa mọ́ ló dáa jù. Bí àpótí tó bo ojú ewé bá lọ tí ojú ewé ò sì yí, `overflow: hidden`, àṣẹ tí kì í jẹ́ kí ojú ewé yí, ṣì wà lára `body` tàbí `html`, ẹ fi `overflow: auto!important` tú u.

Ẹni tó ń ra dátà yẹ kó mọ èyí pẹ̀lú: àwòrán `img` tí ẹ fi pa mọ́ ṣì lè wọlé, fídíò tó ń dá ṣiṣẹ́ ṣì lè máa lọ títí ẹ ó fi pe `pause()` fún un. Bí dátà lẹ fẹ́ dá dúró, irú uBlock Origin, àfikún bíráósà tó ń dí ìpolówó, ló ń ṣe ìyẹn, torí ó ń dí ìbéèrè náà kó tó jáde nínú ẹ̀rọ yín.