Ensis leei

Ensis leei ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe irú ìkarawun abẹ kan tó ń gbé inú iyanrìn ní etí Òkun Àtìláńtíkì. Ẹran òkun tí kò ní egungun ni. Ìkarawun méjì tó gùn, tó sì tẹ̀ díẹ̀ bí idà, ló bò ó lára. Etí òkun ìlà oòrùn Kánádà àti Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni ó ti dé Yúróòpù, ó sì ti bí sí i níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi di ọ̀kan nínú àwọn oníkarawun tó pọ̀ jù lọ ní etí Òkun Àríwá. Títí di ọdún 2015, Ensis directus ni ọ̀pọ̀ ìwé ń pè é. Ẹni tó bá ń wá ìròyìn nípa rẹ̀ ní láti mọ orúkọ méjèèjì, nítorí abẹ́ orúkọ àtijọ́ ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ ṣì wà.

Orúkọ

Èdè Látìn ni Ensis, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni idà. Ohun olójú mímú ni ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ẹran yìí fi wé. Abẹ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe òun àti àwọn ìbátan rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ó jọ ọ̀bẹ tí a ń pa dé sínú èkù. Ọ̀bẹ náà ni ó jẹ́ lẹ́nu àwọn Faransé àti àwọn ará Dẹ́nmáàkì, àwọn ará Jámánì sì pè é ní idà. Ti àwọn ará Họ́lándì ló yàtọ̀: àkọ̀ idà ni wọ́n pè é. Ó sì dà bí ẹni pé tiwọn ló bá a mu jù, nítorí ìkarawun méjèèjì kì í pa dé tán ní orí àti ní ìdí. Bí ẹran inú rẹ̀ bá ti kú tó sì jẹrà, ohun tó kù jọ àkọ̀ tí wọ́n ti fa idà inú rẹ̀ yọ.

Ìpínsísọ̀rí

Inú ẹ̀ka Mollusca ni Ensis leei wà, ẹ̀ka kan náà pẹ̀lú ìgbín àti ìṣáwùrú. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Bivalvia, ìyẹn àwọn oníkarawun méjì. Ìtò rẹ̀ ni Adapedonta. Ìdílé rẹ̀ sì ni Pharidae.

Ìdílé yìí máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ìdílé mìíràn wà tó ń jẹ́ Solenidae, tí àwọn ẹran inú rẹ̀ náà gùn bí abẹ, tí wọ́n sì ń gbé inú iyanrìn, débi pé àwọn ìwé àtijọ́ kó gbogbo wọn pọ̀ sí ojú kan. Ibi tí ìkarawun méjèèjì ti so kọ́ra ni a ti ń dá wọn mọ̀. Àwọn ohun kéékèèké kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní eyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í fi í jẹ nǹkan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ìkarawun kan má baà yẹ̀ lórí èkejì. Lára Solen, tó wà nínú ìdílé Solenidae, eyín ńlá kan péré ló wà níhà kọ̀ọ̀kan. Lára Ensis, ọ̀kan ló wà ní ọ̀tún, méjì sì wà ní òsì. Bí irú ẹran méjì bá ń gbé irú ìgbésí ayé kan náà, ara wọn lè jọra láìjẹ́ pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Schumacher, onímọ̀ ará Dẹ́nmáàkì, ló dá ìbátan Ensis, ìyẹn àkójọ àwọn irú tó sún mọ́ra, sílẹ̀ ní ọdún 1817. Lára àwọn tó kù nínú ìbátan yìí ni Ensis ensis, Ensis siliqua àti Ensis magnus, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Yúróòpù. Ensis macha, tó wà ní etí òkun Ṣílè àti Ajẹntínà. Ensis minor, tó wà ní gúúsù Amẹ́ríkà Àríwá. Àti Ensis goreensis ti etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí orúkọ rẹ̀ wá láti Gorée, erékùṣù tó kọjú sí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl.

Ọ̀rọ̀ orúkọ irú yìí fúnra rẹ̀ ló le jù. Ní ọdún 1843, Timothy Abbott Conrad, ará Amẹ́ríkà, sọ ìkarawun kan ní Solen directus. Kì í ṣe ẹran tó wà láàyè ni Conrad ń wò. Ìkarawun àtijọ́ tó ti di òkúta ni, láti sáà Míósíìnì, sáà tó parí ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 5 ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ wo èyí tó wà láàyè ní etí òkun, wọ́n wo èyí tó wà nínú òkúta, wọ́n ní ọ̀kan náà ni, wọ́n sì fi orúkọ òkú, tó ti di Ensis directus, pe alààyè. Àwọn kan kò gbà. Ìdí nìyí tí orúkọ kejì, Ensis americanus, fi kún inú àwọn ìwé tí wọ́n kọ ní Yúróòpù láàárín ọdún 1980 sí 2000. Ní ọdún 2015, Markus Huber, ará Switzerland, pinnu pé irú tó wà láàyè yàtọ̀ sí ti Conrad àti pé kò ní orúkọ tó tọ́ sí i, ó sì sọ ọ́ ní Ensis leei. Láti ìgbà náà, inú òkúta nìkan ni Ensis directus kù sí. Kò sí ohun tó yí padà lára ẹran náà o. Ìwé nìkan ló yí padà.

Ìrísí

Èyí tó bá dàgbà máa ń gùn tó sẹ̀ńtímítà 15 sí 17, ó sì lè tó 20. Gígùn rẹ̀ máa ń tó ìlọ́po mẹ́fà ìbú rẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń dán, tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ewé gbígbẹ àti ilẹ̀, ló bo ìkarawun náà. Lábẹ́ rẹ̀, ìkarawun funfun ni, pẹ̀lú àbààwọ́n elésè àlùkò níhìn-ín lọ́hùn-ún.

Ní Yúróòpù, níbi tí irú mẹ́ta mìíràn ti wà ní iyanrìn kan náà, dídá a mọ̀ gba sùúrù. Ensis siliqua gùn gbọọrọ láìtẹ̀. Ensis ensis tẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ sì ń kéré lọ. Ensis magnus ló jọ ọ́ jù; ìkarawun Ensis leei fẹ̀ ju tirẹ̀ lọ ní ìwọ̀n gígùn rẹ̀. Bí ó bá ti kọjá èyí, àfi kí a wo àpá tí iṣan fi sí inú ìkarawun, tàbí kí a yẹ DNA rẹ̀ wò.

Ibi tó wà

Ní ìlú rẹ̀, láti Labrador ní Kánádà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó gba Nova Scotia àti Massachusetts kọjá, ó sì dé South Carolina. Àwọn ìwé kan nà án dé Florida, ṣùgbọ́n àwọn irú mìíràn, bíi Ensis minor, wà ní gúúsù yẹn, ó sì rọrùn láti ṣì wọ́n pè ní Ensis leei.

Ní Yúróòpù, ọdún 1979 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i, ní òkun Jámánì, nítòsí ẹnu odò Elbe. Àwọn tí wọ́n rí ti tó ọmọ ọdún kan, nítorí náà ọdún 1978 ni wọ́n gbà pé ó dé. Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e wá. Ọkọ̀ òkun tí kò bá ru ẹrù tó máa ń fa omi òkun sínú ikùn rẹ̀ kí ó má baà fì, yóò sì da omi náà nù níbi tó bá ti fẹ́ kó ẹrù. Ọmọ Ensis leei kì í kọ́kọ́ ní ìkarawun gígùn. Ohun wínníwínní ni, tó ń léfòó kiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sínú iyanrìn. Àsìkò yẹn tó fún ọkọ̀ láti gbé e la Àtìláńtíkì kọjá. Hamburg, ọ̀kan nínú àwọn èbúté tó tóbi jù lọ ní Yúróòpù, sì rèé, orí odò Elbe ló wà.

Láti ibẹ̀, kò tún nílò ọkọ̀ mọ́. Ìṣàn omi etí òkun Jámánì máa ń darí sí àríwá, ó sì tètè gbé àwọn ọmọ náà dé Dẹ́nmáàkì, lẹ́yìn náà Swídìn àti Nọ́wè, títí kan ẹnu ọ̀nà Òkun Báltíkì. Sí ìwọ̀ oòrùn, níbi tó ti ń lọ lòdì sí ìṣàn, kò yára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró: ó kọjá Họ́lándì, ó dé Bẹ́ljíọ̀m ní ọdún 1987, ó sì yọ sí etí òkun Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1989. Àríwá Faransé ló tún kàn. Ní ọdún 2011 wọ́n rí i ní Asturias, ní àríwá Spéìn, ibi tó jìnnà sí ẹnu odò Elbe ju kí ìṣàn omi nìkan gbé e débẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ibùgbé

Iyanrìn ni ilé rẹ̀. Ó fẹ́ràn iyanrìn kíkúnná tó mọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbé inú èyí tó ní ẹrẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú. A máa ń rí i láti ibi tó máa ń gbẹ nígbà tí òkun bá fà tán pátápátá, títí dé ibi tí omi ti jìn tó nǹkan bíi mítà 20 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè fara da omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó ti òkun gidi, èyí ló jẹ́ kí ẹnu odò gbà á.

Ohun tó jẹ́ kí ó rí ààyè ní Òkun Àríwá ni pé ó lè gbé ibi tí àwọn mìíràn kò lè dúró. Etí òkun níbẹ̀ kún fún iyanrìn tí ìgbì ń tì síwá sẹ́yìn lójoojúmọ́, tó ń bo àwọn ẹran mọ́lẹ̀ lónìí, tó ń hú wọn síta lọ́la. Bí ìgbì bá hú Ensis leei jáde, yóò tún gbẹ́lẹ̀ wọlé. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa pọ̀ dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí mítà kan níbùú lóròó, ṣùgbọ́n ọdún tó tẹ̀ lé e lè pa púpọ̀ nínú wọn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní erékùṣù Sylt ní Jámánì kò fi hàn pé ó lé àwọn onílẹ̀ kúrò.

Ó máa ń dúró lóòró nínú ihò rẹ̀, orí nísàlẹ̀, ìdí lókè. Láti ìdí yìí ni ọ̀nà omi méjì kúkúrú ti ń yọ sí ojú iyanrìn: ọ̀kan ń fa omi wọlé, ìkejì ń tú u jáde. Ewé omi wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí ni oúnjẹ rẹ̀, ó ń sẹ́ ẹ láti inú omi náà.

Bí ó ṣe ń gbẹ́lẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti wádìí jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀, tó jẹ́ ẹran rírọ̀ láìní egungun, a nà jáde nísàlẹ̀, a wú bí ìdákọ̀ró, a sì fa ìkarawun tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára yẹn kò tó. Amos Winter àti Anette Hosoi, ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ pé bí ó bá jẹ́ agbára lásán ló ń lò, kò ní wọlẹ̀ ju sẹ̀ńtímítà kan tàbí méjì lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń dé 70. Àṣírí rẹ̀ ni pé ó máa ń pa ìkarawun rẹ̀ mọ́ra lójijì. Ààyè tó ṣí sílẹ̀ lára ihò a fa omi, omi a dà pọ̀ mọ́ iyanrìn, iyanrìn tó yí i ká a sì di bí ọ̀gì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Inú ọ̀gì yìí ni ó ń rì sí. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan, RoboClam, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí ìdákọ̀ró àwọn ohun èlò abẹ́ omi.

Ó tún lè fi ihò sílẹ̀ kí ó lúwẹ̀ẹ́, kí ó máa tu omi jáde láti fi ta ara rẹ̀ síwájú. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀tá kan wà tó ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀: Cerebratulus lacteus, aràn òkun gbọọrọ tó ń gba abẹ́ iyanrìn wá bá a nínú ihò. Ní Yúróòpù, pẹ́pẹ́yẹ òkun dúdú, ẹyẹ àkẹ̀ àti ẹja pẹlẹbẹ ló ń jẹ ẹ́.

Lílò rẹ̀

Jíjẹ ni. Àwọn ará Họ́lándì ń fi ọkọ̀ kó o láti ìsàlẹ̀ òkun, gúúsù Yúróòpù ni wọ́n sì ń tà á sí jù, nítorí àwọn ará Spéìn àti Ítálì ti mọ ìkarawun abẹ jẹ tipẹ́. Ní etí òkun tí àwọn ènìyàn ti ń lúwẹ̀ẹ́, ìkarawun rẹ̀ tó fọ́ máa ń gé ni lẹ́sẹ̀.

Ẹni tó ń fi ọwọ́ mú un máa ń dúró de ìgbà tí òkun bá fà, yóò wá ojú ihò, yóò sì da iyọ̀ sí i. Ẹran náà kò fara da iyọ̀ àpọ̀jù, a sì gòkè wá. Kí a dì í mú, kí a ní sùúrù títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bí a bá fi ìkánjú fà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ á já sínú iyanrìn.