Àfarawé-àṣejù: ìdí tí ọmọ ènìyàn fi ń ṣe ohun tí ìnàkí fi sílẹ̀

Ní erékùṣù Ngamba, ní Uganda, ibùdó kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ìnàkí (chimpanzee) tí kò ní ìyá mọ́. Ibẹ̀ ni Victoria Horner àti Andrew Whiten, ti Yunifásítì St Andrews ní Scotland, gbé àpótí oúnjẹ kan lọ. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005. Ẹni tó ń fi han ìnàkí á kọ́kọ́ ti ọ̀pá bọ ihò òkè, á wá ti í bọ ti iwájú, á sì fa oúnjẹ yọ. Ihò òkè ò tilẹ̀ dé ibi tí oúnjẹ wà.

Nígbà tí àpótí dúdú, tí ojú ò ríran wọnú rẹ̀, ìnàkí ṣe méjèèjì. Nígbà tí wọ́n gbé èyí tó mọ́ gaara wá, àwọn ìnàkí pa ihò òkè tì, ó di iwájú tààrà. Àwọn ọmọ ọdún 3 sí 4 ní Scotland rí inú àpótí kan náà kedere, síbẹ̀ wọ́n ń ti ọ̀pá bọ òkè. Ìyẹn ni àfarawé-àṣejù. Ní 2010, àwọn olùwádìí Mark Nielsen àti Keyan Tomaselli tún rí i lára àwọn ọmọ Bushman ní aginjù Kalahari, ní gúúsù Áfíríkà.

Ṣé ìnàkí wá gbọ́n ju ọmọ wa lọ ni? Rárá o. Ẹ wo ọmọbìnrin tó ń kọ́ gàrí ṣíṣe. Wọ́n rin ẹ̀gẹ́, wọ́n dì í sápò, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́, ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí ó fi kan, kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, kí wọ́n tó yan án. Májèlé sáyánáìdì wà nínú ẹ̀gẹ́, àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ló sì ń lé e jáde. Ta ló fojú rí i? Ẹni tó bá fo ohun tí kò rí ìwúlò rẹ̀ lè kó ìdílé rẹ̀ sí wàhálà. Ẹni tó ṣe é bí ìyá rẹ̀ ti ṣe é bọ́, kódà bí kò mọ ìdí.

Kì í sì í ṣe pé ọmọ kàn ń tẹ̀lé ni láìronú. Ní 2002, olùwádìí György Gergely àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí àwọn ọmọ oṣù 14 wo obìnrin kan tó fi iwájú orí tẹ àpótí iná kan kí ó lè tàn. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, 69 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ náà fi orí tan án. Nígbà tó jẹ́ pé aṣọ ló fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, 21 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló fi orí. Ọwọ́ ni àwọn yòókù lò. Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ já gaara ti ń wá ìdí tó wà lọ́kàn ẹlòmíì: bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo tó sì lo orí, á jẹ́ pé ó nídìí.