Ṣé oníṣòwò ẹrú ni Ẹfúnróyè Tinúbú àbí akọni? Ìdáhùn láti Àgbádárìgì

Akọni obìnrin ni ìwé ìtàn pè é. Gbàgede Tinúbú wà l'Ékòó, ère rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé-ìwé tó bá wá wo Àgbádárìgì máa ń gbọ́ orúkọ kan náà mọ́ òwò ẹrú, ọ̀rọ̀ a sì rú wọn lójú. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá nìyí.

Ṣé òótọ́ ni pé ó ta ẹrú?

Òótọ́ ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀ fún yín. Iyọ̀, tábà àti ẹrú ló sọ ọ́ di olówó, Àgbádárìgì yìí ló sì ti fẹsẹ̀ òwò náà múlẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni. Kí ló gbé e dé ibí?

Ọkọ ló gbé e wá. Nígbà tí ọkọ àárọ̀ rẹ̀ kú, ó fẹ́ Adélé Àjọsùn ní 1833. Ọba Èkó ni Adélé, wọ́n ti rọ̀ ọ́ lóyè, ó sì forí pamọ́ sí Àgbádárìgì, bí àwọn ọba Èkó tí wọ́n bá lé ṣe máa ń ṣe. Àwọn ọmọkùnrin méjì tí Tinúbú bí fún ọkọ àkọ́kọ́ kú síbí, ibà ló pa wọ́n. Èmi kì í fo ibẹ̀ bí mo bá ń sọ ìtàn yìí. Abiyamọ tó sin ọmọ méjì ni kó tó di gbajúmọ̀.

Adélé mọ àwọn oníṣòwò tó ń ti òkun wá, ìyàwó rẹ̀ sì mọ ọjà. Tábà Brazil ni ayé ń wá nígbà náà: wọ́n á lọ́ ewé rẹ̀ bí okùn, wọ́n á fi omi ìrèké tó ki pa á lára, wọ́n á wá ká a jọ. Iyọ̀ ń bẹ létíkun, níbi tí wọ́n ti ń se omi òkun títí yóò fi gbẹ. Tinúbú ń fi ìwọ̀nyí ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkè, wọ́n sì ń fi ẹrú san án. Adélé padà sórí oyè l'Ékòó ní 1835, ó wàjà ní 1837. Òwò ìyàwó rẹ̀ kò dúró.

Ṣebí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú ní 1807?

Wọ́n ti fòfin dè é, àmọ́ ọmọ ìlú tiwọn lòfin náà mú. Brazil àti Cuba ṣì ń rà.

Kí ló wá sọ ọ́ di ẹni ìtàn?

Ọ̀rọ̀ oyè Èkó ni. Akítóyè, tó jẹ́ ọba Èkó nígbà náà, ni Tinúbú ń gbè lẹ́yìn. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1845, Tinúbú àtàwọn èèyàn Akítóyè sá padà wá sí Àgbádárìgì. Akítóyè ṣèlérí fáwọn Gẹ̀ẹ́sì pé òun yóò fòpin sí òwò ẹrú. Ní December 1851 wọ́n fi àgbá fọ́ Èkó, Kòsọ́kọ́ sì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Akítóyè padà sórí oyè, ó sì bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní 1852 láti fòpin sí òwò ẹrú. Àwọn òpìtàn sọ pé Tinúbú ṣì ń fi ẹrú gba ìbọn lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn àdéhùn náà. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé àánú ẹrú ṣe é, ó sì jáwọ́ kíá.

Lábẹ́ Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, agbára Tinúbú pọ̀ débi pé Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kò lè fara dà á mọ́. Wọ́n lé e kúrò l'Ékòó ní 1856. Obìnrin kan ṣoṣo ni ìjọba olóògun orí òkun ń bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀! Abẹ́òkúta ló gbà á. Nígbà tí Dàhọ̀mì, ìjọba tó wà níbi tí Benin Republic wà lónìí, gbógun wá ní 1864, òun ló ń kó ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn Ẹ̀gbá. Àwọn obìnrin jagunjagun wà nínú ọmọ ogun Dàhọ̀mì pẹ̀lú, ẹ sì wo bí obìnrin ṣe wà lápá méjèèjì ogun náà. Dàhọ̀mì sá. Àwọn Ẹ̀gbá fi í jẹ Ìyálóde, ó sì kú ní 1887.

Èwo ni ká wá pè é?

Èmi ń pe méjèèjì. Ó gba Abẹ́òkúta là lọ́wọ́ àwọn tí ì bá kó wọn lẹ́rú, ó sì ti ta ọmọ ọlọ́mọ. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, a ti purọ́ fọ́mọ.

Kí la lè rí ní Àgbádárìgì tó jẹ́ ti ìgbà ayé rẹ̀?

Ẹ dé ọjà ẹrú Vlekete. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Marina. Ọdún 1845 tó sá padà wá ni wọ́n kọ́ ọ parí.