Wọ́n ní update kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni

Ilé gémù kan wà lẹ́yìn Òjúẹlẹ́gba tí mo máa ń yà sí tí mo bá ń bọ̀ láti Yaba. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí iná ò sí, tí jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ògiri, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ kọ̀, kò fẹ́ wọ inú bọ́ọ̀lù. Ó kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé update tuntun, ìyẹn àtúnṣe sí ètò inú ẹ̀rọ, ti dé, àfi kí wọ́n gbà á kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ti sanwó. Èyí tó di pádì mú ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre, ọ̀fẹ́ ṣáà ni." Oní-gémù ní, "Ọ̀fẹ́ bíi ti báwo? Dátà ta ló fẹ́ jẹ?" Síbẹ̀ ó tẹ̀ ẹ́. Kò ka nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, èmi tí mo dúró tì í náà ò kà á. Ìlà funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í fà lójú ẹ̀rọ, a sì ń wò ó bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná.

Bí a ṣe ń dúró ni ọmọ náà ń sọ fún ìkejì rẹ̀ pé update kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni, ńṣe ló máa ń fi kún un. Kì í ṣe òun nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ ní Computer Village n'Ìkẹjà láìmọye ìgbà, lẹ́nu àwọn tó ń ta ẹ̀rọ àti lẹ́nu àwọn tó ń tún un ṣe. Ó sì bọ́gbọ́n mu létí: ta ni yóò náwó nára, tí yóò fi nǹkan ránṣẹ́ sí ẹ lọ́fẹ̀ẹ́, kó tún wá fi mú tìẹ lọ? Ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀. Gbangba ló ti ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ dé kóòtù, owó sì jáde.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ gémù PlayStation 3, tí wọ́n ń pè ní PS3. Oṣù Kọkànlá ọdún 2006 ni Sony gbé e jáde. $499 ni wọ́n ń ta èyí tó kéré l'Amẹ́ríkà, wọ́n ń ta èyí tó jù ú lọ ní $599. Kì í ṣe gémù àti fíìmù nìkan ló wà fún. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní OtherOS, òun ló jẹ́ kí ẹni tó ra ẹ̀rọ náà lè gbé Linux sí i. Linux ni ètò ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ayé fi ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti wọlé báyìí, ẹ̀rọ gémù ti di kọ̀ǹpútà nìyẹn: wọ́n lè fi kọ lẹ́tà, wọ́n lè fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, wọ́n lè fi ṣe ìṣirò tó le. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gaurav Khanna ní University of Massachusetts Dartmouth so mẹ́jọ pọ̀ ní ọdún 2007, ó fi ń ṣèwádìí nípa ihò dúdú ojú sánmọ̀. Iléeṣẹ́ ológun òfuurufú Amẹ́ríkà so èyí tó lé ní 1,700 pọ̀ ní ìlú Rome ní ìpínlẹ̀ New York, torí owó tí wọ́n máa ná sórí kọ̀ǹpútà ńlá ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ẹ rí i pé OtherOS kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe yọwó.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2010, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, George Hotz, kéde pé òun ti ríbi wọ inú ohun tí Sony tì pa sínú ẹ̀rọ náà, OtherOS lòun sì gbà wọlé. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Kẹta, Sony ti sọ pé update kan ń bọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ni 3.21, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ló máa dé, ohun tó sì ń bọ̀ wá ṣe ni kó yọ OtherOS. Wọ́n ní torí ààbò ni. Ẹni tó bá rò pé àwàdà ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ni, mi ò lè bá a wí. Ọjọ́ pé, update dé, OtherOS lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó gan-an nìyí. Sony ò ní dandan ni. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ràn OtherOS rẹ̀ lè fi update náà sílẹ̀. Wọ́n wá ka ohun tó máa bá irú ẹni bẹ́ẹ̀: kò ní lè wọ PlayStation Network, ibùdó Sony lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mọ́, kò ní lè bá ẹlòmíì ṣeré gémù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gémù tàbí fíìmù Blu-ray tó bá béèrè 3.21 tàbí èyí tó jù ú lọ kò ní ṣí fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò ní jẹ àǹfààní update kankan tó bá dé lẹ́yìn èyí. Ọ̀nà méjì ni wọ́n là sílẹ̀, èyíkéyìí téèyàn bá sì gbà níbẹ̀, yóò fi nǹkan tó ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ilé l'Èkó rí, ẹ bá mi wò ó. Ẹ gba yàrá kan ní Muṣin torí pé bohóòlù wà nínú ọgbà. Ẹ san owó ọdún méjì, ẹ san ti agírímẹ́ǹtì, ẹ san kọmíṣọ̀n. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, bàbá onílé ní olè kan ń fojú sí ẹ̀gbẹ́ bohóòlù yẹn, òun fẹ́ dí i. Ẹ ní rárá. Ó ní kò burú, ẹ máa fa omi yín, ṣùgbọ́n òun máa ti géètì tí ẹ ń gbà jáde. Tí ẹ bá wá pariwo, á ní ṣebí ẹ̀yin lẹ mú èyí tó wù yín. Ti PS3 yìí tiẹ̀ tún ju ti onílé lọ, torí wọn ò yá a, rírà ni wọ́n rà á.

Ẹnìkan á ní, "Èmi kì í so tèmi mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ló kàn mí?" Ọgbọ́n Èkó nìyẹn, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ dátà tó ń jóná. Kò lè gbani lọ́wọ́ èyí. Fáìlì update máa ń wà nínú díìsìkì gémù PS3 fúnra rẹ̀. Gémù tuntun tí ẹ rà ní Aláàbà, tí ẹ tì bọ inú ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà ètò abẹ́nú tó wà nínú ẹ̀rọ yín. Tí nọ́ńbà náà bá kéré sí ohun tó ń fẹ́, kò ní ṣí. Á ní òun mú update dání, kí ẹ jẹ́ kí òun gbé e wọlé. Láì sí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Tó bá sì ti wọlé, kò sí àbọ̀ mọ́, torí ohun tí iléeṣẹ́ tó ṣe é bá fọwọ́ sí nìkan ni ẹ̀rọ náà ń gbà, ó sì ti mọ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀: èyí tó bá kéré sí i, á kọ̀ ọ́. Ẹni tó tẹ bọ́tìnì lóru torí gémù kan ṣoṣo, ilẹ̀ mọ́, Linux rẹ̀ ti lọ.

Àwọn ará Amẹ́ríkà gbé Sony lọ sí kóòtù ní California lọ́dún 2010 yẹn kan náà. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ní ọdún 2011 adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Ní 2014 kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá apá kan rẹ̀ padà. Ọdún 2018 ni wọ́n tó parí rẹ̀ sórí $3.75 mílíọ̀nù, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbà tó $65, kò lè jù bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́jọ! Mo mọ àwọn tó ń fi èyí ṣẹ̀sín pé kí ni $65 lára ẹ̀rọ $599. Òótọ́ ni, owó kékeré ni. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó ń sọ pé nǹkan òun lòun mú, kì í san kọ́bọ̀.

Èyí tó wù mí jù ni ti oníbàárà kan ní Ìlú Ọba. Kò wá Sony lọ síbì kankan. Ó padà sọ́dọ̀ Amazon tó tà á fún un, ó tọ́ka sí òfin Yúróòpù tó ní ọjà gbọ́dọ̀ rí bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀ fún ẹni tó rà á, ó ní tòun ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n dá £84 padà fún un nínú oṣù Kẹrin 2010 yẹn, ìdá márùn-ún iye tó rà á, wọn ò sì ní kó dá ẹ̀rọ padà. Nígbà tó fi máa di 2015, òfin Gẹ̀ẹ́sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní tààrà pé tí olùtajà bá ṣàtúnṣe sí ètò orí ẹ̀rọ lẹ́yìn títà, ó ṣì gbọ́dọ̀ bá bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀ mu.

Sony nìkan kọ́ o. Àwọn ará Ṣómólú tó ń tẹ̀wé, tí wọ́n mọ ohun tí kátíríìjì tí wọ́n rọ ínkì sí ń ṣe fún àpò èèyàn, á mọ ìdí tí ariwo fi sọ lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 tí update mú kí àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé HP kan ṣàdédé máa kọ kátíríìjì tí kì í ṣe ti HP. HP tọrọ àforíjì nígbà tó yá, wọ́n sì gbé update mìíràn jáde fún ẹni tó bá fẹ́ bọ́ nínú rẹ̀. Nintendo ní tirẹ̀ gbé àdéhùn tuntun jáde fún Wii U, ẹ̀rọ gémù rẹ̀, ní 2014. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà, ẹ̀rọ ò ní gbé e kọjá ibẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2018, àjọ tó ń mójú tó ìdíje ọjà ní Ítálì ní kí Apple san €10 mílíọ̀nù, kí Samsung san €5 mílíọ̀nù, torí update tó sọ fóònù àtijọ́ di ìgbín.

Ọmọ ìyá ìgbàgbọ́ ọmọ tó di pádì yẹn wà níbòmíì: pé ẹni tó bá ti tẹ Accept, ọ̀rọ̀ ti parí, kò lẹ́nu mọ́. Ó jọ ohun tí wọ́n máa ń tẹ̀ sísàlẹ̀ rísíìtì wa pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Gbogbo Èkó ló gbà pé òfin nìyẹn. Òfin kọ́, ẹni tó ní rísíìtì ló kọ ọ́. Ohun tó jẹ́ òfin ni Federal Competition and Consumer Protection Act ti ọdún 2018, èyí tó gbé FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, kalẹ̀. Abala 127 rẹ̀ ní iléeṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi àdéhùn tí kò tọ́, tí kò bá ẹ̀tọ́ mu, gba ẹ̀tọ́ oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibòmíì nínú òfin yẹn tún ní tí ẹ bá sọ fún olùtajà pé iṣẹ́ báyìí ni ẹ fẹ́ fi ọjà ṣe, tí kò wá lè ṣe é, ẹ lè dá a padà láìpẹ́ kí ẹ sì gba owó yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó bá ń lọ ra ẹ̀rọ pé kí wọ́n jẹ́ kí olùtajà kọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe sórí rísíìtì. Wọ́n máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìlà kan péré ni, ó sì lè jẹ́ òun ni ẹ máa mú lọ sọ́dọ̀ FCCPC tàbí LASCOPA, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, lọ́jọ́ tí nǹkan bá yí.

Ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ ló tún yẹ kó lajú jù. Páálí kì í gba update. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ lọ́dún 2007 ló ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì ti lè gba ogún update láti Lọ́ńdọ̀nù wá. Kí ẹ tó yọwó, ẹ ní kí wọ́n tan án, kí ẹ wọ Settings, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà ní System Information. Tí olùtajà bá ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ máa lọ.

Mi ò ní kí ẹ má gba update mọ́ o. Àwọn kan wà níbí tí wọ́n ti sọ ọ́ di èèwọ̀, fóònù wọn ò gba nǹkan kan láti ọdún mẹ́rin, ìyẹn náà léwu. Nígbà tí WannaCry, ètò burúkú tó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀, ń ti kọ̀ǹpútà pa káàkiri ayé ní oṣù Karùn-ún 2017, ó ti tó oṣù méjì tí Microsoft ti gbé update tó dí ihò tó ń gbà wọlé jáde. Àwọn tí kò gbà á ló jẹ̀yà jù. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé inú àpò kan náà ni wọ́n ń kó oògùn àti ọ̀bẹ sí, bọ́tìnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì fún wa láti fi gba méjèèjì.

Ìlà funfun yẹn dé òpin níkẹyìn. Ẹ̀rọ kú, ó tún tan, ó wá gbé àdéhùn tuntun kan síta. Mo ní kí oní-gémù fún mi ní pádì kí n kà á. Mo fà á lọ sísàlẹ̀, mo fà á, mo fà á, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ìdin. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo ti dé ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa àtúnṣe tí àwọn lè ṣe nígbàkígbà láìsọ fún ẹnikẹ́ni nígbà tí ọmọ náà na ọwọ́ rẹ̀ kọjá èjìká mi, ó tẹ Accept.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Epo jẹnẹrétọ̀ ti ń lọ."