Ẹ Béèrè Omi Kí Ẹ Tó Béèrè Igi

Gbogbo ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń gbé wá kí n yẹ̀ wò kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin, igi gbíngbín ló máa ń ṣíwájú. Kí ìjọba wá gbin igi sí àbàtà. Màá bi wọ́n pé: àwọn kòtò tó ń fa omi ibẹ̀ lọ ńkọ́? Ni wọ́n á bá máa wo ara wọn lójú.

Ẹrẹ̀ tí omi bò kì í gba atẹ́gùn. Ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń sọ náítírétì, èròjà tó ń ba omi jẹ́, tó ṣàn wá láti ara ajílẹ̀ oko, di afẹ́fẹ́ lásán. Ẹ fa omi náà kúrò, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ẹrẹ̀ á máa jẹrà, ilẹ̀ á máa rì. Nítorí náà, kí wọ́n dí kòtò ni kó ṣíwájú. Kì í ṣe ẹnu rẹ̀ nìkan o! Ìdènà kan ṣoṣo, omi á gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kí wọ́n to ìdènà púpọ̀ tẹ̀ léra, kí omi tí ìdènà ìsàlẹ̀ dá dúró lè dé ẹsẹ̀ ti òkè. Kí òfin sọ bí omi yóò ṣe ga tó, ní oṣù wo, ta ni yóò máa wọ̀n ọ́n, ta ni yóò sanwó. Èyí tí kò bá ní ìwọ̀n nínú, ọ̀rọ̀ ìpolongo ìbò ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú àwọn tó ń ta lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ní ó ń fọ omi àbàtà mọ́ wá bá mi mọ́. Àbàtà tó gbẹ kò ṣàìsàn. Wọ́n fa omi rẹ̀ ni.

Ẹ ka ibi tí òfin ti sọ ohun tí àbàtà jẹ́ dáadáa pẹ̀lú. Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan: ní ọdún 2023, nínú ẹjọ́ Sackett, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà gba ìtakété yẹn gbọ́. Àbàtà tí omi orí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá so mọ́ odò láìdáwọ́dúró bọ́ kúrò lábẹ́ òfin omi mímọ́ ti ọdún 1972. Bẹ́ẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bá odò pàdé, èyí tí ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ wa mọ̀.

Ẹni tó bá rò pé mo ń sọ àsọdùn lórí ọ̀rọ̀ kòtò, kó wo Indonéṣíà. Ní 1996, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò la àbàtà Kalimantan já, kí wọ́n lè fi nǹkan bíi mílíọ̀nù kan hẹ́kítà gbin ìrẹsì. Ìrẹsì kò ṣe. Ẹrẹ̀ tí ewé àti gbòǹgbò ti kó jọ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún gbẹ táútáú. Ní 1997 ó gbiná, iná tó ń jẹ abẹ́ ilẹ̀ lọ, tí kò gbọ́ ti garawa. Èéfín rẹ̀ dé Singapore àti Malaysia. Ó tún jó ní 2015. Ní 2016, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ láti dí kòtò, títí kan èyí tí ìjọba fúnra rẹ̀ sanwó gbẹ́.