Ìrusókè: ohun tí kátà ń ṣe fún ẹni tó ní ikọ́ fée

"Kátà lásán ni o." Ohun tí ìyá ọmọ máa ń sọ nìyẹn lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí imú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dà. Tó bá fi máa di Ọjọ́rú, àyà ọmọ ti ń dún bíi fèrè, ìhà ń wọnú bó ṣe ń mí, kò sì lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó dákẹ́ mí. Exacerbation ni àwọn dókítà ń pe èyí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìrusókè: àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀, tó rọra jókòó, ló wá gbéra sọ.

Kátà náà kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì. Rhinovirus ló sábà ń fà á, fáírọ́ọ̀sì tí oríṣi rẹ̀ lé ní 150. Ẹ̀gbọ́n ọmọ lè kó o, kó sín fún ọjọ́ mẹ́ta, kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lára ẹni tó ní ikọ́ fée, awọ inú ihò atẹ́gùn ti wú díẹ̀ kí àlejò yìí tó dé. Á tún wú sí i, iṣan tó yí ihò náà ká á fún un pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dí ìyókù. Ẹ wo sítírọ́ọ̀ tí a fi ń fa mínírà: tí ihò rẹ̀ bá fún dé ìlàjì, wàhálà tí a ó fi fà á kì í ṣe ìlọ́po méjì, ó tó ìlọ́po 16.

Omi tútù la máa ń dá lẹ́bi nílé wa. Ní 1995, àwọn oníwàádìí ní Southampton gbé èsì jáde lórí àwọn ọmọ ọdún 9 sí 11: nínú ìgbà 10 tí àyà wọn há, fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ nígbà bíi 8. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù September, tí iléèwé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ni ọmọ oníkọ́ fée ń rọ́ dé ọsibítù.

Bákan náà ló rí fún àgbà tí sìgá tàbí èéfín igi ìdáná ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́.

Tetracycline kò ran fáírọ́ọ̀sì. Bakitéríà ló ń bá jà. Ìnhélà aláwọ̀ búlúù, salbutamol, ń tú iṣan tó fún, kì í mú awọ tó wú wálẹ̀. Mímú awọ tó wú wálẹ̀ ni iṣẹ́ ìnhélà kejì, ti ojoojúmọ́, èyí tí a máa ń pa tì tí ara bá ti yá. Tí ọmọ kò bá mọ̀ ọ́n fà, ike omi 500 ml wúlò: wọ́n dán an wò ní Cape Town, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ lu ihò sí ìdí ike kí ẹnu ìnhélà wọ̀ ọ́ pinpin, kí ọmọ fi ẹnu gba ẹnu ike, kó máa mí.

Tí agbára ìnhélà búlúù bá ti ń tán lára kí wákàtí 4 tó pé, ọsibítù ni.